Kábúrétọ̀ Ferguson bàbá mi ń jò, epo ń ṣòfò: ẹ gbà mí o

ỌmọAyépé | Ọjọ́ Ajé, 7:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Katakata Ferguson kékeré kan wà nílé wa ní Ayépé, aláwọ̀ eérú, bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún wa. Àlòkù ni wọ́n rà á kí wọ́n tó bí mi, èmi náà sì ti lé lógójì ọdún. Láti ìgbà tí bàbá ti lọ, abẹ́ páànù lẹ́yìn ilé ló wà, adìyẹ ń yé sórí àga rẹ̀. Oṣù tó kọjá ni mo jí i. Mo ra bátìrì, mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo da ọ́ìlì tuntun sí i, mo tẹ sítátà. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dáhùn. Ìyá mi sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Àmọ́ kábúrétọ̀ rẹ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹńjìnnì, ń jò. Kì í ṣe pé ó ń kán tó, tó, tó o. Lálẹ́ Sátidé mo gbé ọpọ́n ike sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú fi máa mọ́, ọpọ́n ti kún, epo ti ṣàn dé ìdí ògiri. Ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta lítà kan láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023. Mi ò ní sọ̀rọ̀ yẹn kí ẹ̀jẹ̀ mi má baà ru.

Mẹkáníìkì kan wò ó, ó ní kí n ju kábúrétọ̀ náà nù kí n ra tuntun. Ìkejì ní òun máa fi ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan rọ́pò rẹ̀. Ọkàn mi ò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì. Tó bá ti dáná, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi pé èéfín rẹ̀ dúdú díẹ̀, òórùn epo sì ń gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Mo fẹ́ fi túlẹ̀ oko ẹ̀gẹ́ wa kí òjò tó wọlé dáadáa. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

OníJẹnẹ_ÌjẹbúÒde | 7:31 àárọ̀

Nídù ni, irin ṣóńṣó tó ń dí epo nínú kábúrétọ̀. Tú u, ra nídù tuntun, ó parí. Ojoojúmọ́ là ń ṣe é fún àwọn jẹnẹrétọ̀ kékeré ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Ohun kan ṣá: má tan án mọ́ kí o tó yọ ọ̀pá ọ́ìlì wò. Epo tó ń jò ní gbogbo òru yẹn, inú ẹńjìnnì ni àbọ̀ rẹ̀ ń wọ̀. Mo ti rí jẹnẹrétọ̀ tí ọ́ìlì inú rẹ̀ di omi tóóró, tó sì fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́.

ÌyáGàrí | 8:04 àárọ̀

Ọmọ Ayépé, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Kí ló dé tí ẹ kì í ti tápù epo lálẹ́? Ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, ó ti ń jò láti ìgbà tí àkọ́bí mi ti wà ní pírámárì, ọmọ náà ti ń tọ́mọ báyìí. Tí a bá ti lọ̀ tán, mo máa ti tápù, mo máa fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó jó epo tó kù nínú kábúrétọ̀ títí tí á fi kú fúnra rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ilẹ̀ gbẹ.

Tó bá sì jẹ́ pé ara táǹkì ló ti ń jò, ọṣẹ ìfọṣọ ni. Ẹ fi ọṣẹ gbígbẹ tẹ ojú ibẹ̀ dáadáa. Epo kì í yọ́ ọṣẹ.

DísùLóBorí | 8:20 àárọ̀

Ẹ dákun, katakata wo ló ń ní kábúrétọ̀? Massey tí mo ń wà ní oko wa ní Ògbèrè, páǹpù àti nọ́sù ló ní, dísù ló ń mu. Ẹni tó sọ pé kábúrétọ̀ ló ń jò ti tàn yín jẹ. Ẹ wo páǹpù.

BàbáSípánà_Ṣágámù | 12:47 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ o. Mo ka gbogbo rẹ̀ kí n tó kọ tèmi. Ẹ ní sùúrù fún mi, ọwọ́ mi ò yá lórí fóònù. Ìdí katakata ni mo ti kọ́ṣẹ́, lápá Ìkẹ́nnẹ́, ní oko tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ dá sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀, kí n tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi.

DísùLóBorí, àbúrò mi, Massey tìrẹ yàtọ̀ sí èyí. Ferguson aláwọ̀ eérú yẹn, TE-20 ni wọ́n ń pè é. Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é láti 1946 títí di 1956, iye tó jáde sì lé ní 500,000. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, bẹtiróòlù ló ń mu, kábúrétọ̀ Zenith ló ní. Ó ní ti dísù náà, àmọ́ èyí tó bá ti ní púlọ́ọ̀gì mẹ́rin kì í ṣe dísù. 1953 ni Ferguson àti Massey-Harris tó di ọ̀kan, 1958 ni orúkọ Massey Ferguson tó jáde. Ọ̀rọ̀ tìrẹ parí síbẹ̀.

OníJẹnẹ, o gbìyànjú, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kọ́ ni katakata. Kábúrétọ̀ jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹńjìnnì. Tí nídù rẹ̀ ò bá dí, epo lè rọra wọlé. Ti Ferguson yìí wà nísàlẹ̀, ó ń fa afẹ́fẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Epo kì í sì í gun òkè fúnra rẹ̀. Tó bá ti kún ju, ilẹ̀ ló ń dà sí, ìyẹn ló kún ọpọ́n. Àmọ́ o jàre ní apá kan: tí ẹńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ nígbà tí epo pọ̀ jù, á fa á sókè, á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà. Èéfín dúdú tó sọ nìyẹn. Kí ó yọ ọ̀pá ọ́ìlì, kí ó fi gbọ́ òórùn. Tó bá ń rùn bí epo, kí ó dà á nù.

Ó wá ku ìwọ ọmọ Ayépé. Má tíì tú nǹkan kan. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, sípánà lẹ máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Yọ wáyà kan lórí bátìrì. Ti tápù. Fi àkísà nu kábúrétọ̀ náà gbẹ, fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù fọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀ títí irin á fi hàn. Lẹ́yìn náà, wá ẹfun, lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè, kí o fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ fọ́n ọn sí gbogbo oríkèé: ibi tí páìpù epo ti wọlé, ibi tí ìdérí àti ìkòkò tí epo ń dúró sí ti pàdé, ìdí nọ́ọ̀tì tó wà nísàlẹ̀, ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Wá ṣí tápù, kí o jókòó tì í. Ibi tí epo bá ti kọ́kọ́ yọ, ẹfun ibẹ̀ á ṣókùnkùn bí iyẹ̀pẹ̀ tí òjò kán sí. Mo ní kí o ṣe é nítorí pé epo máa ń tọ ara irin rìn kí ó tó kán. Ibi tó ti ń kán kọ́ ni ibi tó ti ń jò.

Tó bá jẹ́ oríkèé páìpù, wáṣà ni tàbí nọ́ọ̀tì tó dẹ̀. Tó bá jẹ́ àárín ìdérí àti ìkòkò, gáskẹ́ẹ̀tì ni, páálí tó wà láàárín wọn, tàbí kí ojú irin ti wọ́ nítorí ẹni tó fi ipá di búlọ́ọ̀tì. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹnu afẹ́fẹ́ ló ti ń dà, kò sí ohun tí o lè dì níta tó máa dúró. Inú ló wà: fílóòtì, nídù, tàbí ìdọ̀tí láàárín wọn.

Fílóòtì ni ohun idẹ tó wú bí ìgbín yẹn, tó ń léfòó nínú epo, bíi bọ́ọ̀lù inú táǹkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí epo ṣe ń kún ló ń gbéra, á sì ti nídù wọnú ìjókòó rẹ̀ kí epo lè dúró. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ti kọṣẹ́, táǹkì tó wà lókè á máa dà wálẹ̀ ṣáá, torí pé kò sí páǹpù lórí ẹ̀, epo kàn ń ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ni.

Ṣe èyí kí o padà wá sọ ohun tí ẹfun sọ fún ọ.

ÌyáGàrí | 1:15 ọ̀sán

Bàbá, ẹ ṣeun. Àmọ́ ẹni tó ti tápù rẹ̀ lálẹ́ ì bá má nílò ẹfun.

BàbáSípánà_Ṣágámù | 1:22 ọ̀sán

Ìyá, òótọ́ lẹ sọ, kí ó máa tì í. Ṣùgbọ́n títi tápù kì í wo àìsàn sàn. Tó bá dé oko tó ń ṣiṣẹ́, ṣé á ti tápù níbẹ̀ ni?

Ẹ̀gbọ́n_Ìkẹ́nnẹ́ | 3:40 ọ̀sán

Mo rántí àwọn katakata yẹn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kẹrosíìnì ni wọ́n ń mu nígbà náà o, mo máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Kí ló dé tí kò fi da kẹrosíìnì sí i? Kẹrosíìnì kì í tètè gbiná bíi bẹtiróòlù, tó bá tiẹ̀ jò, ẹ̀rù ò ní bà á.

ỌmọRẹ́mọ_London | 4:05 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Kì í ṣe gbogbo wọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní TED-20 ló ń lo epo kan tó sún mọ́ kẹrosíìnì. Bẹtiróòlù ni wọ́n máa fi tan án, tí ẹńjìnnì bá gbóná tán wọ́n á wá yí i sí ìkejì. Táǹkì rẹ̀ pín sí méjì, ìdérí méjì ló ní, ọ̀kan kékeré, ọ̀kan ńlá. Bí ti ọmọ Ayépé bá ní ìdérí kan ṣoṣo, ti bẹtiróòlù ni. Tó bá da kẹrosíìnì sínú ìyẹn, kò ní tan láàárọ̀, èyí tó bá sì kọ̀ tí kò jó á máa yọ́ wọnú ọ́ìlì.

Mo mọ̀ díẹ̀ nípa rẹ̀ torí aládùúgbò mi kan níbí ní ọ̀kan, ó máa ń wà á jáde lọ síbi àfihàn ẹ̀rọ àtijọ́ lọ́dọọdún. Ọmọ Ayépé, wá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára kábúrétọ̀ rẹ. Ó ṣeé ṣe kí o rí 24T-2. Tó bá jẹ́ ìyẹn ni, wọ́n ṣì ń ta kíìtì rẹ̀ níbí: nídù àti ìjókòó rẹ̀, wáṣà, gáskẹ́ẹ̀tì. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ju kábúrétọ̀ yẹn nù.

ỌmọAyépé | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Ìdérí kan ni. 24T-2 ló wà lára rẹ̀ lóòótọ́, ìpẹtà ló bò ó mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bàbá, mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti gba ẹfun, wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ kun katakata ní àtíkè. Mo ṣí tápù, mo jókòó lórí àpótí. Ìṣẹ́jú bíi mẹ́rin, kò sí nǹkan. Oríkèé páìpù funfun nini. Àárín ìdérí àti ìkòkò ṣókùnkùn díẹ̀ lápá òsì, bí òógùn. Mo ti ń rò pé bóyá ìyẹn náà ni, àfi gbuu! Epo dà láti ibi tí họ́ọ̀sì fílítà afẹ́fẹ́ ti so mọ́ ẹnu kábúrétọ̀.

Mo wá dọ̀bálẹ̀ wò ó láti ìsàlẹ̀. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀, kò ju ojú ìṣó lọ, nǹkan funfun kan sì dí i. Mo fi ìṣó họ ọ́. Ọṣẹ! Ó ti gan bí egungun. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní òun rántí, pé mẹkáníìkì kan ló dí i nígbà tí bàbá wà láyé, tó ní ibẹ̀ ló ń jò. Ní kété tí mo yọ ọ́, epo ń gba ibẹ̀ kán. Ṣé kí n dá a padà ni?

BàbáSípánà_Ṣágámù | 7:03 àárọ̀

Má dá a padà o! Má dá a padà!

Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lu ihò yẹn ni. Kábúrétọ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́ sókè máa ń ní in, kí àpọ̀jù epo lè bọ́ sílẹ̀ dípò kó jókòó sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́. Tó bá di dídí, epo á kó jọ síbẹ̀ bí adágún. Lọ́jọ́ tí ẹńjìnnì bá yìnbọn sẹ́yìn, tí iná kékeré bá tẹ́nu bọ ibẹ̀, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kò yẹ kí n kọ ọ́ síbí láàárọ̀. Ihò náà ló ń kígbe fún bàbá yín pé inú ń ṣe òun, mẹkáníìkì wá fi ọṣẹ di í lẹ́nu.

ÌyáGàrí | 7:30 àárọ̀

Mi ò sọ pé kí wọ́n fi ọṣẹ dí kábúrétọ̀ o. Ara táǹkì ni mo wí. Kí ẹnikẹ́ni má kó ti mẹkáníìkì yẹn bá mi.

Ọlọ́kadà_Ìpẹru | 8:11 àárọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀rọ̀ iná ṣeré, ẹ wá wo apá mi ọ̀tún. Ọ̀kadà mi ló ń jò bẹ́ẹ̀, mo sì ń tún un ṣe nírọ̀lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó mi ń dín àkàrà ní bíi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí mi. Èmi rò pé ó jìnnà tó. Òórùn epo ló rìn nílẹ̀ lọ bá iná, iná sì rìn padà wá bá mi. Ọmọ aládùúgbò kan bu omi dà á, ńṣe ló tún fẹ̀ sí i. Iyanrìn tí wọ́n kó fún búlọ́ọ̀kù ló gbà mí. Ọ̀gbẹ́ni, gbé korobá iyanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ kí o tó tú u, má sì ṣiṣẹ́ náà nínú gáréèjì.

Nípa nídù, ti ọ̀kadà máa wọ ibẹ̀. Mo ti fi sí ẹ̀rọ ìlọta rí, kò jò mọ́. Kò tó owó tí wọ́n fi ń ra kíìtì ní London.

ỌmọRẹ́mọ_London | 9:26 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run ló ṣọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra lórí nídù yẹn. Kó wọlé lọ́tọ̀, kó bá a mu lọ́tọ̀. Bí nídù bá fi díẹ̀ gùn tàbí kúrú, ibi tí fílóòtì ti máa ti epo pa á yí padà. Kódà wáṣà abẹ́ ìjókòó nídù, nínípọn rẹ̀ ló ń sọ bí epo ṣe máa ga tó nínú ìkòkò. Tí mẹkáníìkì bá fi wáṣà tín-ín-rín síbi tó nípọn tẹ́lẹ̀, ìjókòó á wọlé sí i, fílóòtì á ní láti ga jù kó tó dí i. Bí epo ṣe ga ju ẹnu ibi tó ń gbà jáde nìyẹn, á máa jò láìsí nǹkan kan tó bàjẹ́.

Nídù tuntun inú kíìtì míì tún máa ń ní orí rọ́bà kan tí wọ́n ń pè ní Viton, ọtí inú epo kì í tètè jẹ ẹ́. Ẹ rántí epo oní-methanol tó wọ ìlú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, bí rọ́bà kábúrétọ̀ àwọn èèyàn ṣe wú. Níbí pàápàá, láti 2021 ni epo tí wọ́n ń tà ti lè ní ọtí tó tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún.

OníJẹnẹ_ÌjẹbúÒde | 10:02 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n London, kí kíìtì yín tó dé, ẹ̀gẹ́ á ti hù tán. Èmi o, ọṣẹ ìfọyín ni mo fi ń ṣe é: fi díẹ̀ sẹ́nu nídù, fi ọwọ́ yí i nínú ìjókòó rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, fọ̀ ọ́, dá a padà. Mélòó ni mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò jò mọ́!

BàbáSípánà_Ṣágámù | 10:40 àárọ̀

Ó lè ràn án lọ́wọ́ tó bá jẹ́ pé ìdọ̀tí ló kàn lẹ̀ mọ́ ọn, tó sì jẹ́ nídù onírin. Ti olórí rọ́bà, ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n kó fi èékánná họ ẹnu nídù yíká ná. Bí èékánná bá kọ́ ní ojú kan, tó dà bí òrùka tí wọ́n gé sára rẹ̀, ó ti jẹ. Ìyẹn kò gba ọṣẹ ìfọyín mọ́, pípààrọ̀ ni.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n nìyí. Tí o bá ti tú ìdérí kúrò lórí ìkòkò, tí o sì ti nu ún gbẹ, dojú ìdérí náà dé, kí ìwúwo fílóòtì lè ti nídù wọlé. Fi họ́ọ̀sì tuntun tó mọ́ sí ibi tí epo ń gbà wọlé, kí o fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Kò gbọ́dọ̀ kọjá rárá. Fífẹ́ o, kì í ṣe fífà. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kan gbé epo mì.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni fílóòtì. Mú un sétí, mì í.

ỌmọAyépé | Ọjọ́ Rú, 5:58 ìrọ̀lẹ́

Mo tú u lónìí, lábẹ́ igi lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú korobá iyanrìn. Ẹ gbọ́: mo mi fílóòtì, ó ń ró ṣọ̀, ṣọ̀, ṣọ̀, bí àgbọn tó ti ń gbẹ. Epo wà nínú rẹ̀! Nídù náà ní òrùka tí èékánná kọ́. Nígbà tí mo wo ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹrẹ̀ pupa kan wà níbẹ̀ bí omi ọ̀gbàrá.

Wẹ́dà kan ládùúgbò ní kí n gbé fílóòtì wá kí òun fi gáàsì jó o, pé kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ṣé kí n lọ?

Wáyà_Òdògbolú | 6:10 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀gá, ẹ má gbé e lọ! Epo tó wà nínú ìgò idẹ tó dé pa, tí ẹ bá gbé iná sí i, bọ́ǹbù ni.

Ẹ ṣe báyìí. Ẹ gbé omi kaná lórí sítóófù, ẹ sọ omi náà kalẹ̀, ẹ gbé e jìnnà sí iná, ẹ wá tẹ fílóòtì rì sínú rẹ̀. Ibi tí ìfófó bá ti ń yọ ṣùrùrù, ihò náà nìyẹn. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀. Gbígbóná omi náà ló máa lé epo jáde. Ẹ máa mì í, ẹ máa dà á, títí ẹ ò fi gbọ́ ìró kankan mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ sá a sóòrùn ọjọ́ méjì. Tó bá gbẹ, ọ̀dọ̀ oníredíò ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kì í ṣe wẹ́dà. Áyọ́nù sódà tí wọ́n fi ń jó wáyà rédíò ti tó, ìwọ̀n òjé sódà tó tó orí àbẹ́rẹ́ ni kí wọ́n lò. Tí sódà bá pọ̀, fílóòtì á wúwo, á máa rì, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́kadà_Ìpẹru | 6:25 ìrọ̀lẹ́

Gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ olóríméjì ńkọ́? Ìyẹn rọrùn.

Wáyà_Òdògbolú | 6:31 ìrọ̀lẹ́

Òun náà ní ìwúwo, epo ayé òde òní sì máa ń rọ̀ ọ́ tó bá pẹ́. Ẹ lè fi dé oko, mi ò mọ̀ bóyá ẹ máa fi dé ilé.

BàbáSípánà_Ṣágámù | 8:15 alẹ́

Òdògbolú, o kọ́ṣẹ́ níbi tó dáa. Mo kí ọ̀gá rẹ.

Ẹrẹ̀ pupa tó o rí ni mo ń dúró dè. Ìpẹtà inú táǹkì ni. Ọdún tó fi wà lábẹ́ páànù láìsí epo, irin inú rẹ̀ ń jẹra. Tí o bá tún fílóòtì ṣe, tó o pààrọ̀ nídù, tó o fi táǹkì sílẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta péré ni, ìpẹtà kan á tún wá jókòó sẹ́nu nídù. Tú táǹkì sílẹ̀. Da òkúta wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ìkúnwọ́ méjì sí i, àti kẹrosíìnì díẹ̀, kí ìwọ àti ẹnì kan máa mì í síwá sẹ́yìn. Dà á, tún un ṣe, títí ohun tó ń jáde á fi mọ́. Ka òkúta kó o tó dà á sínú, kó o tún kà á nígbà tó bá jáde. Èmi fi ọ̀kan sílẹ̀ sínú rẹ̀ rí, odidi oṣù kan ló fi ń dí ẹnu tápù fún mi, a ò mọ ohun tó ń ṣe é.

Fi fílítà kékeré sójú páìpù tó bá di pé ó mọ́ tán. Wá èyí tí epo lè ṣàn kọjá nínú rẹ̀ láìsí páǹpù, tí ojú rẹ̀ kò há jù.

ỌmọAyépé | Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, 7:20 alẹ́

Ẹ kú ìnáwó dátà lórí mi. Ìròyìn rèé.

Ihò fílóòtì wà lójú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ìfófó tíntìntín, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Oníredíò kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló jó o, kò gbowó, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń bọ̀ láti London lóṣù tó ń bọ̀, kíìtì wà nínú ẹrù rẹ̀. Kí ìyẹn tó dé, mo fi ọṣẹ ìfọyín ṣe nídù bí OníJẹnẹ ṣe wí. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà ní Jímọ̀ọ̀, mo ṣí tápù, kò jò. Mo jó. Ní Sátidé ó tún ń jò!

Ó rẹ̀ mí. Mo tún tú u: ìpẹtà kan tó kéré ju yanrìn lọ ló há sẹ́nu nídù. Mi ò tíì fọ táǹkì nígbà náà, mo rò pé kì í ṣe dandan. Bàbá, ẹ má bínú. Lánàá ni èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mì táǹkì. Òkúta ogójì ló wọlé, ogójì ló jáde. Omi tó jáde lákọ̀ọ́kọ́ pupa bí epo pupa gan-an. Mo gé gáskẹ́ẹ̀tì tuntun fún apá òsì tó ń làágùn: mo tẹ́ páálí gáskẹ́ẹ̀tì lé ojú irin, mo fi òlù kékeré gbá a yíká títí ó fi já.

Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ òní ni tápù ti wà ní ṣíṣí. Mo fọ́n ẹfun sí gbogbo rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó báyìí ni. Funfun nini. Èéfín rẹ̀ kò dúdú mọ́.

OníJẹnẹ_ÌjẹbúÒde | 7:28 alẹ́

Ẹ rí i? Ọṣẹ ìfọyín.

ỌmọRẹ́mọ_London | 7:33 alẹ́

Fún ìgbà díẹ̀ o! Tí kíìtì bá dé, pààrọ̀ rẹ̀. Òrùka tí èékánná kọ́ kò lọ síbì kankan.

ÌyáGàrí | 7:41 alẹ́

Ó yá, ẹ wá bá mi túlẹ̀ éékà méjì ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ ti tápù tí ẹ bá dé.

BàbáSípánà_Ṣágámù | 8:02 alẹ́

O káre láé. Ọ̀pá ọ́ìlì ńkọ́? Láti ọjọ́ Ajé tó kọjá ni mo ti bi ọ́.

ỌmọAyépé | 8:09 alẹ́

Ó ń rùn bí epo, bàbá, ó sì ti ga kọjá àmì. Ọ́ìlì tuntun tí mo rà lóṣù tó kọjá ni mo dà nù láàárọ̀ yìí. Mo ti ra òmíràn.

OníJẹnẹ_ÌjẹbúÒde | 8:10 alẹ́

Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ láti aago méje ààbọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́.